Ìbéèrè Mẹ́fà Ní Ọjọ́ Méjì: Ìdíje Ìṣirò Àgbáyé Àwọn Ọmọ Sẹ́kọ́ńdìrì

Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá wà nítòsí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é kó wá jókòó. Kó mú pẹ́ńsù àti ìwé dání, nítorí a óò ṣe ìṣirò díẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohun tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà yóò ṣe ìdánwò JAMB. Ìbéèrè 180 ni wọ́n máa ń gbé síwájú rẹ̀, wákàtí méjì ni wọ́n sì ń fún un. Ẹ bá mi pín in wò: ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ka ìbéèrè, mú ọ̀kan nínú A, B, C, D, kí o sì máa lọ. Ẹni tó bá dúró ronú, aago á fi í sílẹ̀.

Ìdánwò mìíràn wà láyé yìí tó jẹ́ pé ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń fún ọmọ lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni wọ́n sì ń fún un láti ṣe é. Wákàtí kan àtààbọ̀ fún ìbéèrè ẹyọ kan! Àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò jù lọ ní orílẹ̀-èdè wọn ló ń jókòó síbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń dìde láì tíì rí ìdí ìbéèrè kẹta. Ìdíje Ìṣirò Àgbáyé fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní Olympiad, ni mo ń sọ. Ohun tí mo sì fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ìdánwò tó fún ọmọ láyè láti ronú lè kọ́ àwa tí "yára, yára" kì í kúrò lẹ́nu wa?

Ọdún 1959 ni ìdíje yìí bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ròmáníà. Orílẹ̀-èdè méje ló pàdé níbẹ̀, láti apá ìlà-oòrùn Yúróòpù ni gbogbo wọn ti wá: Ròmáníà fúnra rẹ̀, Hungary, Bulgaria, Poland, Czechoslovakia, Jámánì ti ìlà-oòrùn, àti Soviet Union. Ọmọ 52 ló jókòó ṣe ìdánwò. Láti ìgbà náà, ọdún 1980 nìkan ni wọn kò ṣe é. Kódà nígbà tí àrùn kòrónà sé ayé mọ́lé ní 2020, olúkúlùkù ọmọ jókòó sí ìlú rẹ̀, wọ́n sì ṣe é láti òkèèrè. Nígbà tí Ọsirélíà gbà á lálejò ní 2025, orílẹ̀-èdè tó rán ọmọ wá lé ní 100, àwọn ọmọ náà sì lé ní 600.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ rán ju ọmọ mẹ́fà lọ. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ tíì pé ogún ọdún, kò sì gbọdọ̀ tíì wọ yunifásítì. Wọn kò gba ẹ̀rọ ìṣirò láyè, wọn kò gba fóònù, wọn kò gba ìwé. Báírò, pẹ́ńsù, rúlà àti kọ́ńpáàsì, ó parí. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ìbéèrè mẹ́ta lójúmọ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì méje, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 42. Ẹ má sì rò pé ìmọ̀ yunifásítì ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn o. Jiọ́mẹ́tìrì, áljẹ́bírà, ìwà àwọn odidi nọ́ńbà, àti ọgbọ́n kíka iye ọ̀nà tí nǹkan lè gbà rí: ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè lóye gbogbo rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé kò sí tíṣà tó lè fi irú ìbéèrè náà hàn án tẹ́lẹ̀.

Wọ́n sì ń ṣọ́ ìbéèrè náà bí ẹni ń ṣọ́ owó. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kópa ló ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbàlejò, àwọn onímọ̀ ìṣirò ibẹ̀ á sì ṣà wọ́n títí wọn á fi kù bí 30. Olórí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á dé ṣáájú àwọn ọmọ. Wọ́n á kó gbogbo wọn sí ibì kan, wọ́n á jiyàn, wọ́n á dìbò, títí wọn á fi mú mẹ́fà. Láti ìgbà náà, wọn kò gbọdọ̀ bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ títí ìdánwò á fi parí. Àwọn olórí ikọ̀ yìí náà ló ń túmọ̀ ìbéèrè sí èdè àwọn ọmọ wọn, nítorí òfin gbà kí ọmọ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Wàyí o, bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní máàkì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ìdáhùn lásán kò níyì níbẹ̀. Ọmọ lè kọ ọ́ pé "ìdáhùn jẹ́ 7", kó sì jẹ́ 7 lóòótọ́, kó má sì gba nǹkan kan tó tó ó sọ. Ìdí ni wọ́n ń wá. Kí ló dé tó fi jẹ́ 7? Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ nǹkan mìíràn láéláé? Bí ọmọ bá sì gba ọ̀nà tí àwọn tó ṣe ìbéèrè kò ronú kàn, tí àlàyé rẹ̀ bá ti dúró ṣinṣin, máàkì méje rẹ̀ pé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lẹ́yìn ìdánwò, olórí ikọ̀ á jókòó ti àwọn olùdájọ́, wọ́n á ṣí ìwé ọmọ náà, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé e ní ìlà dé ìlà. Olórí ikọ̀ á ní, "Ẹ wo ibí yìí, ó ti rí ìdí ọ̀rọ̀." Olùdájọ́ á ní, "Ó rí i, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀." Orí máàkì ẹyọ kan, wọ́n lè bá ara wọn fà á fún ìgbà pípẹ́.

Ní ìparí, bí ìdajì àwọn ọmọ ló máa ń gba àmì-ẹ̀yẹ. Bí ẹni kan bá gba wúrà, bí ẹni méjì ló ń gba fàdákà, bí ẹni mẹ́ta á sì gba idẹ. Ọmọ tí kò bá gba ìkankan, ṣùgbọ́n tó yanjú ìbéèrè ẹyọ kan pátápátá, ìwé ìyìn ń bẹ fún un. Ẹ gbọ́ o: ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyìn sì wà fún un.

Ó yá, ẹ mú pẹ́ńsù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ pátápátá tí wọ́n béèrè ní 1959 rèé, mo fi ọ̀rọ̀ ara mi sọ ọ́. Mú odidi nọ́ńbà kan, èyíkéyìí tó bá wù ọ́. Fi 21 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o fi 4 kún un. Kọ ọ́ sókè. Padà sí nọ́ńbà rẹ, fi 14 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o fi 3 kún un. Kọ ọ́ sísàlẹ̀. O ti ní ìdá kan nìyẹn, òkè lórí ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí o fi hàn pé ìdá náà kò ṣeé dín kù láé, ìyẹn ni pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín òkè àti ìsàlẹ̀ láìṣẹ́kù, àfi 1.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Bí a bá mú 1, òkè á jẹ́ 25, ìsàlẹ̀ á jẹ́ 17. Kò ṣeé dín kù. Bí a bá mú 2, yóò di 46 lórí 31. Kò ṣeé dín kù. Bí a bá mú 3, yóò di 67 lórí 45. Bákan náà ni. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti sáré á ní, "Mo ti dán mẹ́ta wò, ó bọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká lọ." Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lópin. Ta ló mọ̀ bóyá èyí tó wà lẹ́yìn mílíọ̀nù ni yóò tú wa fó?

Ẹ fojú inú wo àpò gàrí méjì, ọ̀kan pọ̀ ju èkejì. Bí kóńgò kan bá wọn àpò méjèèjì tán láìṣẹ́kù, kóńgò yẹn kan náà gbọ́dọ̀ wọn ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ láìṣẹ́kù. Ìyá tó ń ta gàrí kò nílò tíṣà láti mọ ìyẹn. Ó dáa. Òkè wa jẹ́ nọ́ńbà wa lọ́nà 21, pẹ̀lú 4. Ìsàlẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà wa lọ́nà 14, pẹ̀lú 3. Kí ni òkè fi ju ìsàlẹ̀ lọ? Nọ́ńbà wa lọ́nà 7, pẹ̀lú 1. Kóńgò tó wọn àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wọn ìyẹn náà. Bó bá wọn ìyẹn, yóò wọn ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà wa lọ́nà 14, pẹ̀lú 2. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ìsàlẹ̀: nọ́ńbà wa lọ́nà 14 ni, pẹ̀lú 3. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1 péré! Kóńgò náà gbọ́dọ̀ wọn 1 láìṣẹ́kù, kò sì sí kóńgò tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi 1 fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Bí ẹ mú 5, bí ẹ mú mílíọ̀nù, kò sí bó ṣe lè yẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé a kò há fọ́múlà kankan sórí. Ìyọkúrò lásán la ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ọmọ praimárì mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni láti mọ̀ pé ìyọkúrò ló yẹ ká ṣe, ìṣẹ́jú àáyá 40 kì í sì í fi ìyẹn han ènìyàn.

Àwọn ìbéèrè tòde òní ti le ju ìyẹn lọ fíìfíì. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ìbéèrè kẹfà ti 1988, nígbà tí ìdíje wáyé ní Canberra, ní Ọsirélíà. Láti Jámánì ti ìwọ̀-oòrùn ló ti wá. Mú odidi nọ́ńbà méjì, bí 2 àti 8. Sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí o ro wọ́n pọ̀: 4 àti 64, ó di 68. Lẹ́yìn náà, sọ nọ́ńbà méjèèjì di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí o fi 1 kún un: 16 àti 1, ó di 17. Fi 17 pín 68, ó fún wa ní 4. Méjì lọ́nà méjì sì ni 4. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ fi hàn pé ìgbàkígbà tí ìpín yìí bá pé láìṣẹ́kù, èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, bíi 4, bíi 9, bíi 16. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣa ìbéèrè gbé e títí, wọn kò rí i tú. Wọ́n gbé e fún àwọn àgbà onímọ̀ nọ́ńbà ní Ọsirélíà, wọ́n fún wọn ní wákàtí mẹ́fà, àwọn náà kò rí i tú. Síbẹ̀ wọ́n fi í síwájú àwọn ọmọ. Ọmọ 11 yanjú rẹ̀ délẹ̀.

Ọmọ Ọsirélíà kan wà nínú gbọ̀ngàn yẹn tó ń jẹ́ Terence Tao. Ó ti gba idẹ ní 1986 ní ilẹ̀ Poland nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó gba fàdákà ní Havana, ní Kúbà, ní 1987. Ní Canberra, ọmọ ọdún mẹ́tàlá yìí gba wúrà, kò sì sí ẹni tó kéré tó o lọ́jọ́ orí tó gba wúrà ìdíje náà rí. Ṣùgbọ́n lórí ìbéèrè kẹfà yẹn, máàkì ẹyọ kan nínú méje ló rí gbà. Ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Ní 2006, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Fields, èyí tí gbogbo onímọ̀ ìṣirò ń wárí fún.

Ẹlòmíràn tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa mọ̀ ni Maryam Mirzakhani, ọmọ ìlú Tehran ní Ìráànì. Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Roya Beheshti, rí ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń yan àwọn tí yóò lọ sí ìdíje kọ̀ǹpútà àgbáyé. Ìbéèrè mẹ́fà ni, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn ọmọ méjì yìí gbé e fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n sì rí mẹ́ta yanjú. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé òun ti kùnà. Inú Maryam dùn pé òun tilẹ̀ rí ìkankan ṣe. Wọ́n lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn, obìnrin ni, wọ́n ní kó dá kíláàsì ìṣirò sílẹ̀ fún àwọn náà, irú èyí tí àwọn ọmọkùnrin ní. Ó sì gbà. Títí di ìgbà yẹn, ọmọbìnrin kò sí nínú ikọ̀ ìṣirò Ìráànì rí. Ní 1994, Maryam gba wúrà ní Hong Kong pẹ̀lú máàkì 41. Ní 1995, ó gba gbogbo 42 pé ní Kánádà. Nígbà tó di 2014, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Fields. Ó dolóògbé ní 2017, lọ́mọ ogójì ọdún. Obìnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í yára ronú, pé díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń yé òun. Ẹ bi ara yín: bó bá jẹ́ kíláàsì wa ló wà, orúkọ wo ni a ì bá sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká yíjú sílé. Ilẹ̀ Áfíríkà gba ìdíje yìí lálejò ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, ní 2014. Àwa Áfíríkà tilẹ̀ ní tiwa tí a ń ṣe láàárín ara wa láti 1987. Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìṣirò wà ní Abuja, òun ló ń yan àwọn ọmọ tí yóò ṣojú wa, tó sì ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. James Ezeilo ni olùdarí àkọ́kọ́ níbẹ̀. Òun, Chike Obi, àti Adégòkè Olúbùmmọ, ọmọ bíbí Orin-Èkìtì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọ́n la ọ̀nà ìṣirò fún orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọ yín pé ìṣirò kì í ṣe ti ìran wa. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti gba idẹ níbi ìdíje àgbáyé yìí.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé òfin gba ọmọ láyè láti kọ ọ́ ní èdè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimárì ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò gbẹ́yìn àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Àlàyé ni ìṣirò gíga, ẹni tí yóò bá sì ṣàlàyé gbọ́dọ̀ ní èdè tó lè fi jiyàn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é báyìí?" Òótọ́ ni. Ní 2025, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Google DeepMind yanjú márùn-ún nínú ìbéèrè mẹ́fà ọdún náà, máàkì rẹ̀ sì tó ti wúrà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé bí ìdáhùn bá ti di ohun tí ẹ̀rọ ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó lè yẹ ìdí wò, tó lè sọ pé "ibí yìí kò dúró", òun ni a ó máa wá kiri.

Kí wá ni ká ṣe? Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá mú ìdáhùn wá, ẹ bi í pé, "Kí ló dé?" kódà bí ìdáhùn náà bá tọ̀nà. Ẹ̀yin tíṣà, mo mọ̀ pé sílébọ́ọ̀sì ń lé yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ pátákó lọ́jọ́ Ajé, kó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, láìsí máàkì, láìsí ẹgba. Ẹ gba ọ̀nà tó yàtọ̀ sí tiyín láyè. Ọmọ tó bá dákẹ́, ẹ má tètè pè é ní olódo, ó lè jẹ́ pé ó ń ronú ni. Gbogbo ìbéèrè ìdíje yìí láti 1959 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí n tó lọ, ìwọ ọmọ tó mú pẹ́ńsù dání, iṣẹ́ tìrẹ rèé. 1 àti 3, ó jẹ́ 4. 1, 3 àti 5, ó jẹ́ 9. 1, 3, 5 àti 7, ó jẹ́ 16. Méjì lọ́nà méjì, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Má dán an wò fún mi mọ́, mo ti mọ̀ pé yóò máa rí bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tó fi ń rí bẹ́ẹ̀? Bí o bá fẹ́, fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ó sílẹ̀ kí o máa wò ó. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan.